Lẹ́tà Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Mi Kọ Kó sì Ya

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá mi, màá mú ẹni náà wá sílé wa, kó wá máa jíṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ni wọ́n ń gbé. Bàbá mi wà nísàlẹ̀, Bàbá Kékeré tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo wà lókè. Ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà wọlé, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọn ò sì fi bára wọn sọ̀rọ̀. Bí omi bá ń jò láti òkè, bàbá mi á gbójú sókè, á wò ó títí, á wá pè mí: "Lọ sọ fún ẹni òkè pé omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì mi." Màá gun àtẹ̀gùn lọ. Bàbá Kékeré á ní, "Sọ fún ẹni ìsàlẹ̀ pé mo ti gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún ọ." Ẹ gbà mí o! Ó ti gbọ́! Kí wá ni mo gun àtẹ̀gùn fún?

Ìyá mi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ni. Àwọn ará àdúgbò ti sọ mí ní Alárinà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí o, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àmọ́ Alárinà ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí.

Lóṣù tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú tó jìnnà gbà mí síṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wá irú iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù ni kí n dé, bí mi ò bá dé, àwọn á gbé e fún ẹlòmíì. Mo sọ fún bàbá mi. Ó ní, "Kú oríire, ọmọ mi." Ó tún ní, "Ta ni yóò wá máa bá mi sọ fún ẹni òkè bí omi bá ń jò?" Mo gòkè lọ sọ fún Bàbá Kékeré. Ó gbàdúrà fún mi dáadáa. Bí mo ṣe ṣe àmín tán, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Ta ni màá máa bi bóyá ó jí ire?" Mo jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ o, inú ló ń bí mi. Àgbàlagbà méjì ń fẹ́ràn ara wọn gba ọwọ́ mi, wọ́n sì fẹ́ fi gbogbo ayé mi ṣe é.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń bínú sí? Òǹtẹ̀wé ni àwọn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù wọn ni yàrá iwájú ilé wa, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan àti àwọn àpótí tí wọ́n ń kó lẹ́tà òjé, ìyẹn álífábẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀, sí. Bàbá Kékeré ló máa ń to àwọn lẹ́tà náà di ọ̀rọ̀. Òfin kan ni wọ́n ní níbẹ̀: ìwé kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ kà á. Bàbá Kékeré á mú èyí tí oníbàárà fọwọ́ kọ, á máa kà á sókè, títí kan àmì kọ́mà àti ìdúró tó ń parí gbólóhùn. Bàbá mi á mú èyí tí wọ́n tẹ̀, á máa fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyá wọn kú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, wọ́n sì jọ kà á gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìgbà tí wọ́n pín in fún èrò tán ni wọ́n tó rí i. Níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ olóògbé sí, orúkọ bàbá mi kò sí níbẹ̀. Àkọ́bí!

Bàbá mi ní àbúrò òun ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ òun kúrò, pé ó fẹ́ di àkọ́bí. Bàbá Kékeré ní, "Ta ló mú pẹ́ńsù lọ́wọ́?" Látọjọ́ náà ni wọ́n ti di ara wọn ní kùnrùngbùn. Àwọn ẹbí bẹ̀ wọ́n títí, pàbó ló já sí. Ọ̀kan tilẹ̀ ń tẹ̀wé láàárọ̀, èkejì nírọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà fojú kanra nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú ọkàn, kí èèyàn lè gbé ohun tó ti dì sínú kalẹ̀. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó fárígá. "Ṣé orí mi dàrú ni?" Mo ní, "Orí yín pé, Bàbá. Orí tèmi ló ń dàrú lọ." Ó kọ etí ikún sí mi. Mo bá ní ó dáa, láti òní lọ, mi ò jíṣẹ́ fẹ́nikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni omi fi kán sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá mi wọ bàtà, ó ní, "Níbo ni ibẹ̀ wà?"

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ó rọrùn láti rí olùtọ́jú ọkàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè lórí fóònù bi mí bóyá bàbá mi ń ju nǹkan mọ́ èèyàn. Mo ní rárá, kò kàn bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó ní kí n tún pe òun bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju nǹkan. Ẹnì kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, fún bàbá mi ní fọ́ọ̀mù. Bàbá mi gbé e sójú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ta ló tẹ èyí? Gbogbo ìlà rẹ̀ ló wọ́. Ẹni tó tẹ irú èyí síta fẹ́ wá to ọkàn mi?" Ó dìde, ó ń lọ. Ẹnì kẹta, orí fídíò inú fóònù la ti fẹ́ máa rí i. Bàbá mi gbé fóònù métí, obìnrin náà wá ń bá irun etí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, bàbá mi ní, "Ó ti dákẹ́. Ó ti rí i pé mo jàre." Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n lọ. Ó ti sú mi, ó ti rẹ̀ mí.

Ẹnì kẹrin ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbàlejò nínú yàrá kékeré kan lókè ilé ìtajà oògùn. Àga mẹ́ta, fèrèsé kan, kò sí fọ́ọ̀mù. Bàbá mi jókòó, ó kọjú sí mi, ó ní, "Sọ fún ìyá yìí pé inú ò bí mi."

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, mò ń gbọ́ yín."

Bàbá mi tún kọjú sí mi. "Sọ fún wọn pé kò sóhun tí mo fẹ́ sọ."

Ojú tì mí débi pé ǹ bá wọlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ dúró síta. Wákàtí kan gbáko ni mo fi dúró. Nígbà tí bàbá mi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mo bi í bóyá dandan ni kí n dárí ji ẹni òkè. Ó ní kì í ṣe dandan, pé tí mo bá tiẹ̀ dárí jì í, kò túmọ̀ sí pé ohun tó ṣe dára. Ó wá bi mí bóyá ìbínú náà ń tù mí lára." Mo bi í pé kí ló wá sọ. Ó ní iṣẹ́ àmúrelé lòun gbà. Kí òun kọ lẹ́tà sí ẹni òkè, kí òun kó gbogbo ohun tó wà nínú òun síbẹ̀, kí òun má fún un. Bí òun bá kọ ọ́ tán, kí òun kà á, kí òun ya á.

Ó rọrùn, àbí? Háà! Ẹ ò mọ bàbá mi. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n lọ, mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ti to lẹ́tà náà pẹ̀lú òjé, ojú ewé mẹ́rin, ó ti tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́, íǹkì ò tíì gbẹ.

"Bàbá! Ṣebí wọ́n ní kí ẹ kọ ọ́ kí ẹ ya á ni!"

"Mo ti fọwọ́ kọ ọ́. Èyí tí mo tẹ̀ yìí ni màá ya. Ṣé ìwé játijàti ni kí n ya ni?" Ó na èyí tó fọwọ́ kọ sí mi. "Jókòó, kà á fún mi."

Òfin ni òfin, kódà fún ìwé tí wọ́n fẹ́ ya. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo gbàgbé kọ́mà. Ó ní kí n padà sẹ́yìn. Mo gbàgbé ìdúró. Ó ní kí n padà sẹ́yìn. Ojú ewé kan péré gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú. Ó ju pẹ́ńsù sórí tábìlì, ó ní, "Ò ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé!"

Ara mi bù máṣọ. Mo pariwo mọ́ bàbá mi, Ọlọ́run á dárí jì mí. "Èmi kì í ṣe òǹtẹ̀wé! Ẹ lọ pe ẹni tó ń bá yín kà á tẹ́lẹ̀! Mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá, mò ń lọ!"

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Kékeré wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó jókòó sórí àga tí mo dìde kúrò. Ó ní, "Ibo lẹ dé?"

Bàbá mi ní, "Sọ fún un pé ojú ewé kejì."

Mo ní, "Mi ò sọ."

Bàbá mi mú pẹ́ńsù. Ó fi í tọ́ka sí ìlà tí a dé. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo èébú tí wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ka káàdì ìgbéyàwó. "Olójú kòkòrò ni ọ́ láti kékeré, ìdúró. Àwọn òbí wa ló bà ọ́ jẹ́, kọ́mà, èmi náà sì bá wọn bà ọ́ jẹ́, ìdúró." Pẹ́ńsù ń tẹ̀ lé e. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Ojú ewé kẹta. Ojú ewé kẹrin.

"Òótọ́ ni pé èmi ni mo mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kọ́mà, ṣùgbọ́n ojú mi ò sí lára ìwé, ìdúró. Ìwọ ni mò ń wò, ìdúró. Nígbà tí o dé ibi àwọn ọmọ tí Màámi fi sáyé lọ, kọ́mà, omi ń bọ́ lójú rẹ, kọ́mà, o ò ríran mọ́, kọ́mà, o sì ń kà á lọ, ìdúró. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé mo rí ọ, ìdúró."

Ọdún mẹ́sàn-án! Ó mọ̀! Ó mọ̀ látọjọ́ náà pé ẹkún ló fà á, kì í ṣe ìkà, ó sì ń rán mi lọ sókè sódò! Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fara ti ògiri.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Kékeré fọn imú, ó ní, "Íǹkì yìí pọ̀ jù."

"Kò pọ̀. Ojú rẹ ló ti ń ṣú."

"Ó pọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ọwọ́ mi."

"Nígbà tí o ò lè fọwọ́ lélẹ̀ jẹ́jẹ́ ńkọ́? Gba àkísà."

Mo dúró níbẹ̀, mò ń retí kí ọ̀kan nínú wọn pè mí, kí n wá bá òun sọ fún èkejì. Wọ́n jà lórí íǹkì, wọ́n jà lórí omi tó ń jò, wọ́n jà lórí ẹni tó yẹ kó pe oníṣẹ́ omi. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Kò sẹ́ni tó pè mí.