Òkú Fọwọ́ Síwèé Ilé Tí Mo Rà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síta, kí inú tó ń bí mi yìí má bàa pa mí. Mo ti ra ilé o! Ẹ má tíì kí mi kú oríire. Ẹ gbọ́ ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń háyà yàrá ní Camp Johnson Road, ní Monrovia níbí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi, ó bá àwọn sójà Nàìjíríà wá síbí nígbà ogun, kò sì padà mọ́. Ọmọ Làìbéríà níbí ni ìyá mi, òun ló jẹ́ kí n lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara mi, torí òfin ibí ò gba àjèjì láàyè. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi báyìí, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ilé tí kò ní òkè ni mo ń wá, tí àyè á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo lè kọ́ yàrá kan sí fún un. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀dá Délé ń ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ilé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ó ní òun ti rí i fún mi ní Logan Town. Mo lọ wò ó, mo fẹ́ràn rẹ̀, àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló há. Bọ̀dá ní kí n fọkàn balẹ̀. Òun ló mú sọ́fẹ́yọ̀ tó máa wọn ilẹ̀ wá, òun náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Gurley Street.

Níbí, kí sọ́fẹ́yọ̀ tó wọn ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó múlé tì í. Lọ́jọ́ náà, kálukú á dúró nídìí ààlà tirẹ̀, wọ́n á jọ wo bí wọ́n ṣe ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ síwèé. Mo ní mo fẹ́ wà níbẹ̀. Bọ̀dá Délé ní kí n má ṣe wàhálà, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi lọ, àwọn á ṣe é lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí mo ń pè ní bọ̀dá, ṣé mo tún máa da ìbéèrè bò ó bí ọlọ́pàá ni? Mo gbà fún un. Àṣìṣe mi nìyẹn, àwa tí wọ́n fi "ẹ̀gbọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀" tọ́ dàgbà!

Nígbà tí lọ́yà kó ìwé fún mi, ilẹ̀ náà ti fẹ̀ ju bí mo ṣe rí i lọ. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo sọ fún ìyá mi pé yàrá rẹ̀ á ní fèrèsé méjì.

Ọjọ́ tí mo lọ gbá ilé náà ni mo wá òkúta ààlà lọ. Ẹ gbà mí! Inú ilé ìdáná aládùúgbò mi ni wọ́n rì í sí! Iná ń jó lọ́wọ́, màmá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ma Korto jókòó ti odó, ó ń gún ewé ẹ̀gẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"So da you buy my kitchen?"

Mo ní ṣebí wọ́n fọwọ́ síwèé. Ó ní ìwé wo? Mo yọ ọ́, mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sí i létí: Flomo. Màmá yìí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"My daughter, Flomo da my husband. He die long time. Da dead body sign it?"

Òkú fọwọ́ síwèé! Ó tún fa ìlà tó rẹwà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀!

Mo pe Bọ̀dá Délé. Ẹ̀rín ló ń rín! Ó ní òun tiẹ̀ rò pé mo pè láti dúpẹ́ ni, pé nítorí yàrá Màmá lòun ṣe ṣe é, pé ìyá arúgbó yẹn ò ní ìwé kankan, kí ló fẹ́ ṣe? Sọ́fẹ́yọ̀ ní orúkọ tí ẹ́jẹ́ǹtì fún òun lòun kọ. Mo bá lọ sí Gurley Street. Lọ́yà ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Sis, the paper straight. Leave it so."

Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Ẹsẹ̀ ìyá mi tó ń dùn ún ni wọ́n fi bojú láti jalè lọ́wọ́ ìyá ẹlòmíì, orúkọ mi ni wọ́n sì fi jà á lólè!

Ṣé kí n sọ òótọ́? Ọkàn mi ṣì fà sí fèrèsé méjì yẹn díẹ̀. Mo délé, mo ròyìn fún ìyá mi, mo ń wojú rẹ̀ bóyá á ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Me, I can't sleep on people fire, yah."

Òun ò lè sùn lórí ààrò ẹlòmíì. Ó parí. Mo padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Délé. Mo kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n n kò kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní bí wọn ò bá tún ilẹ̀ yẹn wọ̀n, èmi àti ìwé tí òkú fọwọ́ sí máa pàdé rẹ̀ ní kóòtù, a ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun á pe sọ́fẹ́yọ̀ padà.

Ní Sátidé, gbogbo wa dúró nídìí ààlà. Ma Korto fúnra rẹ̀ ló di etí téèpù mú. Wọ́n hú òkúta kúrò nínú ilé ìdáná rẹ̀, àyè ẹ̀gbẹ́ ilé mi sì padà há. Ìyá mi á gba yàrá ńlá, èmi á máa sùn ní pálọ̀. Nígbà tí Ma Korto tẹ àtàǹpàkò síwèé tán, ó nu ìyókù íńkì sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun sọ́fẹ́yọ̀. Ó ní ó ṣèèṣì ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ rà tàbí tà, ẹ fẹsẹ̀ yín débẹ̀, ẹ kí ẹni tí ẹ fẹ́ múlé tì kí ẹ tó gba ìwé ẹnikẹ́ni gbọ́. Lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín wá ni kí ẹ lò, ìyẹn kì í ṣe àrífín sí ẹ̀gbọ́n kankan! Kí ni wọ́n ti fi yín ṣe rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ lọ sọ ọ́ fún Ma Korto. Ó wà ní ilé ìdáná rẹ̀.