Àwọ̀ Ewé Lójú Bígì Mọ́mì

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán Bígì Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà nílé wọn ní Ìkòsì. Láti ìgbà tí mo ti parí yunifásítì tí n kò ríṣẹ́, àwọn nìkan ni kì í bi mí pé, "Kí lo wá ń ṣe báyìí?" Mo fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìborùn òfì pupa tó wà léjìká wọn ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo fi pupa tó ṣú sí ibi tí aṣọ ti kákò, mo fi èyí tó mọ́lẹ̀ sórí ibi tó yọ síta. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó ń ṣe mí bíi kí n fà á yọ, kí n fi bora!"

Ó wá ku ojú. Bí àwọn ayàwòrán Òyìnbó ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni mo kọ́: a ó kọ́kọ́ fi àwọ̀ ewé tó ṣá kun ojú, a ó jẹ́ kó gbẹ, ká tó máa tẹ́ àwọ̀ ara lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọ̀ ewé abẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí awọ dúdú dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Mo kun àwọ̀ ewé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sì ṣàlàyé èyí fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ igbe wọn ní pálọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Àwọ̀ òkú lo kùn mí yìí!"

"Rárá, Mọ́mì, abẹ́ ni. Ó dà bí ìpìlẹ̀ ilé."

"Ìpìlẹ̀, àbí ibojì?"

Wọ́n nawọ́ sí àwòrán ọkọ wọn lára ògiri. Inú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ti fi ọ̀dà yà á nígbà ìsìnkú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi: nínú ilé yìí, a kì í fi ọ̀dà ya alààyè.

Báyìí, bẹ́díṣíìtì ló bo àwòrán náà. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Aláìsàn ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti yá?" Àmọ́ ilé ìdáná ni wọ́n ti ń jẹun, wọn kì í jókòó ní pálọ̀ mọ́. Òjò kò jẹ́ kí àwọ̀ ewé náà gbẹ. Bí mo bá sì kun àwọ̀ ara lé e ní tútù, yóò di ẹrẹ̀. Mo ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Gbàgádà kó gbẹ níbẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbé ojú àwọn jáde nílé. Lánàá, wọ́n rọra sọ pé, "Fún mi ní àwọ̀ mi, ọmọ mi, kódà kó bàjẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dúró kó gbẹ, kí wọ́n ṣì máa jẹun ní ilé ìdáná, tàbí kí n kun àwọ̀ ara lé e ní tútù kó bàjẹ́, kí ọkàn wọn lè balẹ̀?