Ògúnrìndé àti Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Àna Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Ògúnrìndé jẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé etí rẹ̀ kì í gba kí nǹkan máa ké lára kẹ̀kẹ́ kó dákẹ́. Ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń kọjá, yóò pè é láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀, ìdí táyà rẹ̀ ń ké. Àwọn kan á sọ̀, àwọn mìíràn á bú u. Èmi tí mò ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Ṣàgámù, mo máa ń sọ fún un pé ọ̀ràn tí kò kàn án ló ń gbé sórí.

Ìrólù ni wọ́n ti bí i, alágbẹ̀dẹ sì ni bàbá rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àbẹ̀ní, ṣì ń rákò. Ògúnrìndé ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Bó ṣe ń fẹ́ ẹwìrì fún bàbá rẹ̀ ni ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọkọ́ tòkè òkun gba ọjà mọ́ àgbẹ̀dẹ lọ́wọ́, ó wá sí Ṣàgámù wá kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní irin náà ni irin. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lìádì, tó ń ta obì gbànja, ti rí Àbẹ̀ní, tó sì fẹ́ ẹ níṣu lọ́kà. Nílé ọkọ, Sàrátù ni wọ́n ń pè é, ó sì ń kírun bíi tiwọn, àmọ́ Àbẹ̀ní ló ń jẹ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà sí i.

Ọdún tí Ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ni Lìádì ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ṣáá ni, ẹsẹ̀ la ó kọ́kọ́ fi wà á kó tó gbiná, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń sọ pọ̀pọ̀pọ̀, tí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fi ń sá wọlé. Láti ilé rẹ̀ ló ti ń di apẹ̀rẹ̀ obì méjì sẹ́yìn, tí á gbé e lọ sí Ògèrè, níbi tí ọkọ̀ ẹrù oníbàárà rẹ̀ ti ń dúró. Ọjà rẹ̀ tà. Lìádì bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà gẹ̀gẹ̀rẹ̀, a sì fojú fò ó dá.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà ń ké, ó sì ń mì. Ògúnrìndé tú họ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn àárín táyà níbi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé. Inú ibẹ̀ ni àwọn ọmọ irin róbótó wà, tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù, àwọn ló ń jẹ́ kí táyà yí geere. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n gbẹ, ó rọ gírísì tuntun síbẹ̀, ó wá ń tò wọ́n sínú gírísì náà níkọ̀ọ̀kan. Àtidì í padà ni iṣẹ́ gan-an. Ó ní béèyàn bá fún un le jù, bọ́ọ̀lù á fọ́. Béèyàn bá dẹ̀ ẹ́ jù, táyà á máa ta gẹ́gẹ́. Nígbà tó parí, ó fi ìka ta táyà, ó dijú, ó ń gbọ́. Táyà náà yí, kò fọhùn.

Kò pẹ́ tí Lìádì tún fi gbé e dé. Gírísì inú họ́ọ̀bù ti funfun bí ògì, àwọn bọ́ọ̀lù sì ti dípẹtà. Ògúnrìndé ní omi ló wọ̀ ọ́, ó bi í bóyá inú odò ló ń gbà.

Lìádì ní, "Omi wo nínú ọyẹ́? Ètè mi ń bẹ́, odò ọ̀nà Ògèrè sì ti gbẹ."

Èyí tí Ògúnrìndé ì bá fi sọ pé òun ò mọ̀, ó takú pé omi ni. Ó fi bọ́ọ̀lù tuntun sí i. Ìyẹn náà tún bàjẹ́. Níkẹyìn, táyà há pátápátá láàárín ọ̀nà, ọkọ̀ ẹrù lọ, obì odidi apẹ̀rẹ̀ méjì sì wà nílẹ̀. Inú bí Lìádì, ó sì sọ ọ́ lójú ọjà pé bọ́ọ̀lù àlòkù ni àna òun ń fi sí kẹ̀kẹ́ òun, tó ń kó tuntun pamọ́. Ó wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ògúnrìndé kí ẹni tó sọ ọ́ tó délé. Kò sẹ́ni tó ní kó búra o. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí Lìádì pé kó wá, kó wá wo òun bí òun ṣe ń fi irin kan ẹnu.

Àbẹ̀ní sá tọ̀ mí wá, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá mú ọ dé ìdí ìbúra, o kì í bá a jẹun mọ́, o kì í tẹ ilé rẹ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi ẹnu kan irin yẹn, yálà kó fi ilé ọkọ sílẹ̀, tàbí kó di ẹni tí kò lẹ́gbọ̀ọ́n mọ́. Ó ti bẹ ọkọ, ó ti bẹ ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo lọ bá Ògúnrìndé náà, ó ní kí n máa ránṣọ mi. Oríkunkun àwọn méjèèjì bí mi nínú débi pé mi ò lè jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbúra, Bàbá Afọláyan, àgbà àdúgbò wa, wá jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Lìádì dé tòun ti apẹ̀rẹ̀ obì méjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, òun ń bá ọ̀nà Ògèrè lọ. Ẹ gbọ́ o. Ilé ń dàrú, ọjà ni tirẹ̀. Àbẹ̀ní rìn tẹ̀lé e, ó gbá àyà mú.

Bàbá Afọláyan ní kí wọ́n mú irin wá. Ògúnrìndé bọ́ sí iwájú.

Ó ní, "Ọ̀pá inú họ́ọ̀bù tí wọ́n ní mo fi jalè náà ni n ó fi kan ẹnu. Bí mo bá parọ́, kí Ògún má jẹ́ kí n fojú kan ọyẹ́ mìíràn."

Lìádì ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ ẹrù. Ògúnrìndé kò tilẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì, ó sì ń tú u. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún wò ó. Omi ni. Ó ń ṣàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lára irin tó gbé àyè ẹrù ró, irin yẹn sì rèé, orí ọ̀pá họ́ọ̀bù gan-an ni ìdí rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó fi ìka tọ omi náà lọ sókè títí ó fi dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀, níbi tí ewé gbòdógì tí wọ́n fi wé obì ti ń kán tó, tó, tó.

Ó dìde, ó rọra béèrè pé, "Àbẹ̀ní, ta ló da omi sí obì yìí?"

Àbẹ̀ní ní òun ni. Ọyẹ́ ń mú obì rọ, oníbàárà sì ti ń ráhùn, ìdí nìyẹn tí òun fi ń da omi sórí ewé ní àràárọ̀ títí á fi rin gbingbin, kí obì lè dé Ògèrè ní tútù. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó rí ojú gbogbo wa, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀. Òfìfo ni kẹ̀kẹ́ náà máa ń dé ọ̀dọ̀ Ògúnrìndé, oòrùn á ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Kò rí i tòun ti ẹrù rí àfi ọjọ́ náà.

Bàbá Afọláyan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé irin padà, òun ò rí ẹni tó jalè níbẹ̀. Lìádì ṣí fìlà gẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ń pe orúkọ bàbá Ògúnrìndé tó ti kú. Ògúnrìndé jẹ́ kó wà nílẹ̀ díẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Àbẹ̀ní kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń wí pé òun lòun fà á.

Ògúnrìndé fa àbúrò rẹ̀ dìde. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ojú tí mi ò rí omi nínú rẹ̀ rí. Ó ní, "Kò sóhun tó o fà. Mo rò pé òní ni n ó pàdánù ẹ ni."

Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ẹrù. Lìádì di kẹ̀kẹ́ mú, Ògúnrìndé tú họ́ọ̀bù, ó fọ̀ ọ́, ó rọ gírísì sí i, ó gé tíúbù àlòkù, ó sì so ó sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí omi lè máa gba ẹ̀gbẹ́ já sílẹ̀. Ó ń ṣépè fún Lìádì ní gbogbo àsìkò náà, Lìádì sì ń ṣàmín. Èmi padà sídìí ẹ̀rọ mi, ara mi fúyẹ́, mo sì rán apá ẹ̀wù oníbàárà mi mọ́ ibi ọrùn.

Àbẹ̀ní dúró tì wọ́n títí táyà fi yí. Ó wá rọra bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ó wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án yìí?"

Ògúnrìndé kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ìkọ́kọrẹ́ wà?"

Àbẹ̀ní ti sáré dé ìdajì ọ̀nà ilé kó tó rántí dáhùn pé ó wà.