Epo Tán Lókè Hongliu

Ọdún mọ́kànlélógún ni Guilan fi ṣọ́ kànga epo kan ṣoṣo lókè Hongliu, ní ìpínlẹ̀ Gansu. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀, Pei Shouye, ló ń tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe kí irin tó já lù ú nítan, tí kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà kan rí, epo ń tú jáde níbẹ̀ bí omi ìsun. Nígbà tó yá, omi iyọ̀ ló kù tó ń jáde, agbára káká sì lèèyàn fi ń rí epo díẹ̀ lójú rẹ̀.

Làwọn aráàlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ. Ilé ìwé tì, ọjà tú. Nígbà tí òtútù ọdún yẹn wọlé, ìdílé mẹ́ta péré ló kù nínú ilé alájà márùn-ún tí Guilan ń gbé, ni wọ́n bá dá omi gbígbóná tó ń gba inú páìpù mú yàrá móoru dúró. Yanrong, ọmọ wọn obìnrin, ń bá àwọn tó ń gbé òpó tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná ró ní aṣálẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Bàbá, epo yìí ti tán. Ẹ ò lè jókòó tì í kó wá ru padà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yìí, ta ló lè fà á gbẹ?"

Shouye kọjú sí ògiri. "Afẹ́fẹ́ tó ń gé wa létí láti ọjọ́ yìí wá. Òun lẹ wá sọ di olóore."

Yanrong lọ. Yìnyín dí ọ̀nà, èédú tán nílé, omi dì nínú ìkòkò. Guilan fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bo ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Obìnrin náà ò mọ èwo ni ṣíṣe mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó bu epo rọ̀bì lẹ́nu kànga tó ń ṣọ́, ohun tí kò dán wò rí, ó sì dà á sínú àdògán irin. Iná ràn, yàrá móoru, ó sì padà síbi iṣẹ́.

Ìgbà tó fi máa dé lọ́sàn-án, èéfín dúdú ti kún ilé. Shouye nà gbalaja lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Guilan wọ́ ọ bọ́ sórí yìnyín, ó ń gbá a létí, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó wúkọ́.

"Ìyá Yanrong," ló kọ́kọ́ sọ, "kànga wa, ṣé epo ṣì ń jáde níbẹ̀?"

"Ó ti tán, Bàbá Yanrong." Kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí.

Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Yanrong lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n èémí Shouye ò padà bọ̀ sípò. Guilan tọrọ iṣẹ́ níbi òpó. Wọ́n ní àgbà bíi tiẹ̀ ò lè gun òpó. Aṣọ ìnulẹ̀ ni wọ́n fún un, kó máa nu eruku orí àwọn pánẹ́ẹ̀lì sólà tó ń fi oòrùn ṣe iná nítòsí ibẹ̀. Bó bá nu ìlà kan dé òpin, yanrìn á ti bo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á tún padà. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, á sì gbé oúnjẹ ka iná. Shouye ò tíì bi í rí nípa iṣẹ́ tó ń ṣe.