Òkú Tí Recha Kò Wẹ̀

Bí obìnrin Júù kan bá kú ní Lindbach, ìlú kékeré kan ní Jámánì, Recha Stiefel ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Òun ni yóò wẹ òkú náà, tí yóò wọ aṣọ funfun fún un, tí yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú pósí. Àwọn ọkùnrin ló ń wẹ ọkùnrin. Recha kò lọ́kọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. A máa ní, "Àwọn òkú nìkan ni kì í bá mi jiyàn nílùú yìí." Òun àti Selig àbúrò rẹ̀, tó ń ta màlúù, ni wọ́n jọ ń gbé.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìjọba Hitler dé, àwọn oníbàárà Selig sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ sílẹ̀ tó bá ń kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1938, wọ́n dáná sun sínágọ́gù, wọ́n sì kó àwọn ọkùnrin Júù ìlú lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Selig ní òun ò lọ. Àwọn aláṣọ búráùn mẹ́ta, ọmọọ̀ta ẹgbẹ́ Hitler, tí wọ́n ti jẹun nínú ilé yẹn rí, àwọn aláìmoore, fi èèkù àáké fọ́ ọ lórí nínú pálọ̀, níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti kú tán, ọ̀kan tó ń jẹ́ Veit ṣì ń gbá a ní bàtà lẹ́nu. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín o! Inú mi kì í dùn láti sọ ọ́.

Wọ́n jáde lọ pe Wirsing, olórí ọlọ́pàá, wọ́n sì bá a padà wá, tàwọn ti garawa omi àti pósí. Ọmọ ìlú ni Wirsing, ó mọ̀ pé àwọn Júù máa ń wẹ òkú wọn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣí fìlà kí Recha. Lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni ń bá ọmọdé wí ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Recha, wẹ̀ ẹ́. Kò sí ọkùnrin yín kankan mọ́, ìwọ lo kù. Dókítà ti ní ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ẹ̀jẹ̀."

"Ṣé ọkàn ẹ̀ ló fọ́ ọ lórí báyìí?"

"Mo ní kó o wẹ̀ ẹ́!"

"Àwa kì í wẹ ẹni tí wọ́n bá pa. Bó ṣe wà la ṣe ń sin ín, taṣọ tẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe lọ bá Ẹlẹ́dàá ẹ̀, kó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Wirsing gbá a létí. "Ẹ da omi yẹn lé e!"

Wọ́n da omi sórí òkú. Ẹ̀jẹ̀ Selig ṣàn sílẹ̀, ó ń wọ àárín pákó ilẹ̀ lọ. Nínú òfin àwọn Júù, ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lára ẹni tí wọ́n pa, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ sàréè pẹ̀lú rẹ̀. Recha bọ́ yẹ̀rì rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi nù ún. Veit fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí ìka rẹ̀ fi kán. Ó ń fi ọwọ́ kejì nù.

"Ẹ wò ó, ajá!"

"Ajá mọ ẹni tó ń bọ́ ọ, Veit. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n."

Veit fi èèkù àáké là á lẹ́nu. Eyín rẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ṣàn sórí yẹ̀rì. Kò dìde.

"Ẹ fi wèrè sílẹ̀," Wirsing wí. "Kí àwọn èèyàn ẹ̀ kan pósí yẹn pa kí wọ́n tó gbé e jáde."

Nígbà tí wọ́n lọ, Recha fi irin yọ àwọn pákó tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ̀. Ó fẹ́ ya ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ kúrò lára tirẹ̀, torí kò yẹ kí ti alààyè bá òkú lọ. Kò ṣeé yà. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún gan-an. Lẹ́yìn náà, ó kó yẹ̀rì àti pákó sínú pósí pẹ̀lú òkú Selig. Àwọn obìnrin ló gbẹ́ sàréè.

Lọ́dún 1942, wọ́n kó Recha sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlà oòrùn, wọ́n sì pa á níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n jù ú sí. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó bá Selig wọ ilẹ̀ ní Lindbach ni gbogbo ohun tí wọ́n sin lára rẹ̀.