Eruku Tí Kò Tíì Dé

A máa ń fi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ń sanwó fún un torí kó lè máa wojú ọ̀run. Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku tí ìjì ń gbé dìde ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ṣáàdì ló máa ń ṣọ́. Bí wọ́n bá kéde lórí rédíò iṣẹ́ wọn pé ojú ò ríran jìnnà mọ́ ní Maidugúrì, tó tún kan Ngúrù, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí máàpù, á wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré sí, á sì sọ ìgbà tó máa kàn wá. Iṣẹ́ náà yé e ju bí ọbẹ̀ ṣe yé mi lọ, èmi tí mo ń fi ọbẹ̀ yangàn.

Lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi ní Badarawa, ní Kàdúná níbẹ̀, ìyá wa fẹ́ wọ bàálù wá láti Èkó kí ìkómọ lè ṣojú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ ló yẹ kó balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tilẹ̀ jókòó.

"Mo ti ránṣẹ́ sí Èkó pé kí bàálù yẹn má gbéra. Eruku á ti bo pápá kó tó dé."

Inú bí mi. Ọkọ mi bọ́ síta, ó wòkè.

"Haba, Àǹtí. Ẹ wo oòrùn. Ṣé kò ṣeé dúró wò ná? Màmá yín ni o."

"Ṣé torí pé màmá mi ni kí n wá purọ́, Bàbá Ìkókó? Eruku náà ti bo Kánò. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n."

Oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà lórí iná nígbà tí oòrùn funfun bí ẹ̀kọ. Kò pẹ́, mi ò rí géètì aládùúgbò wa mọ́. Ọmọ ń sín lọ́wọ́ mi. Àsìkò tí bàálù ìyá mi ì bá máa wá ibi tó máa balẹ̀ sí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò fi aṣọ bo imú wá síbi ìkómọ. Àlùfáà ní kí ìyá ìyá ọmọ wá sọ orúkọ tirẹ̀. Èkó ni ìyá mi ṣì wà. Mo dìde, mo gbé ọmọ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

"Ẹ bá Màmá sọ ọ́, Àǹtí mi. Wọ́n wà láàyè, wọ́n á gbọ́."