Mọ́nítọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi Bá Mi Yàn

“Ojú mi ni mo fi ń rajà, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà.” Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi nìyẹn, aláró ní Ìtòkú, l’Abẹ́òkúta.

Wọ́n bá mi lọ ra mọ́nítọ̀ tí màá fi máa gbá géèmù. Ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ gan-an. Wọ́n ní kí ọlọ́jà tan méjèèjì.

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa géèmù?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Àmọ́ wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi tàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi wò wọ́n dáadáa, wọ́n ní: “Nínú èyí tó pọ́ọ́kú, àwòrán tó ń sáré ń ṣàn bí aró tí kò mú aṣọ. Èyí tó wọ́n yìí tó owó ẹ̀.”

Ọlọ́jà sáré fà á sínú páálí.

“Fi sílẹ̀!” ni mo sọ. “A máa rà á, àmọ́ kì í ṣe lọ́wọ́ ẹ.”

Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiẹ̀ la ti rà á.